Owó Orí Obìnrin Tí Kò Gbowó Oṣù

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Bùsírátù fi san owó orí láìjẹ́ pé ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ san án rí. Olùkọ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìbàdàn, ìjọba a sì máa yọ tirẹ̀ lára owó oṣù náà kí ó tó kan ọwọ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyá ti í yọ egungun ẹja kúrò kí ó tó gbé àwo síwájú ọmọ. Kò kọ fọ́ọ̀mù kankan, kò tò sí ojú fèrèsé ọ́fíìsì kankan, kò sì bá agbowó-orí kankan fa ọ̀rọ̀. Bí ó bá ti rí iye tí wọ́n yọ nínú ìwé owó oṣù rẹ̀, a mí kanlẹ̀, a ká ìwé náà pọ̀, ó parí.

Ìgbà tí ó wá di ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì, tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí ó mú Rumaysa, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, dání, tí ó sì tọ ọkọ rẹ̀ wá sí Jẹ́dà, ni owó orí ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ ilé rẹ̀. Ó ti lo ọdún kan ó lé ní ilẹ̀ Lárúbáwá láìgba kọ́bọ̀ owó iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí lẹ́tà àbúrò rẹ̀, Síkírù, tó dé. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún 1999 ni. Arìnrìn-àjò sí Hájì kan ni ó bá a mú un wá láti Ìbàdàn.

"Ẹ̀gbọ́n mi," báyìí ni Síkírù ṣe kọ ọ́, "ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yín ti di wàrà-wàrà. Ọkùnrin tí ó ń sọ pé bàbá òun ni ó ni ín ti gbé ìwé tirẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ilẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí ìwé rẹ̀ bá kọ́kọ́ pé ni àwọn yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Gbogbo tiyín ti pé, ó ku ẹyọ kan. Wọ́n ń béèrè ìwé ẹ̀rí owó orí ọdún mẹ́ta. Ti ọdún méjì tí ẹ fi ṣe tíṣà wà lọ́wọ́ mi, ti ọdún tó kọjá ni kò sí. Mo sọ fún wọn pé ẹ kò ṣiṣẹ́ ní ọdún náà, wọ́n ní ẹni tí kò ṣiṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun kò ṣiṣẹ́. Fọ́ọ̀mù nìyí. Àlàájì Jùbrílù, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì owó orí, ń bọ̀ wá ṣe Hájì. Òun ni kí ẹ fi lé lọ́wọ́ kí oṣù kẹta tó tán. Bí oṣù bá tán kó tó gbà á, ìtanràn ni, ìdúró oṣù mẹ́fà sì ni. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọkùnrin yẹn kò ní dúró dè wá fún oṣù mẹ́fà. Ẹ kọ òfo síbi iye owó, kí ẹ fọwọ́ sí i, kí ó bọ́."

Ilẹ̀ tí Síkírù ń wí yìí kò ju púlọ́ọ̀tì kan lọ, lápá Mọ́níyà, níbi tí àgbàdo àwọn ẹlòmíràn ṣì wà lórí rẹ̀. Ọdún márùn-ún ni Bùsírátù fi ń fi owó àjọ àwọn olùkọ́ san án díẹ̀díẹ̀. Kò fi orúkọ ọkọ rà á, bẹ́ẹ̀ ni kò fi orúkọ ọmọ rà á. Nígbà tí ó ń palẹ̀ ilé mọ́ láti lọ bá ọkọ rẹ̀, ó ta àga, ó ta bẹ́ẹ̀dì, ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnìkan ní kí ó ta ilẹ̀ náà mọ́ ọn, ó ní wọn kò tí ì bí ẹni tí yóò rà á. Nínú gbogbo ohun tí ó wà láyé tí a lè na ìka sí pé ti Bùsírátù ni, òun nìkan ni ó ṣẹ́kù.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì ọjọ́ kejì ni ó jókòó ti fọ́ọ̀mù náà nínú yàrá ìgbàlejò wọn ní Ruwais. Ilé àtijọ́ ni, tí iyọ̀ afẹ́fẹ́ òkun ti jẹ ògiri rẹ̀ ní ìjẹkújẹ. Láti ojú fèrèsé, wọ́n ń gbọ́ ohùn àwọn òṣìṣẹ́ tí ń ti ojú iṣẹ́ bọ̀. Rumaysa ń ṣeré ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ọmọ Fawziyya aládùúgbò wọn, bí ìyá rẹ̀ bá sì pè é ní Yorùbá, Lárúbáwá ni ó fi ń jẹ́.

Bùsírátù kọ orúkọ rẹ̀ ní ọwọ́ olùkọ́, ọwọ́ tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti í dúró ṣánṣán lórí ìlà. Ó kọ àdírẹ́sì. Nígbà tí ó dé ibi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́, ó dúró. Bírò ti fẹ́ sáré kọ "olùkọ́" kí ó tó rántí pé ìyẹn ti tán. Ó yọ ìkáámà rẹ̀ jáde, ìwé ìgbélùú tí àlejò kì í fi sílẹ̀ jìnnà sí ara rẹ̀ ní ilẹ̀ náà, bóyá yóò rí ìdáhùn níbẹ̀. Ohun tí àwọn onílẹ̀ kọ fún un ni pé: aya, a kò gbà á láyè láti ṣiṣẹ́. Ó kọ "ìyàwó ilé" sí fọ́ọ̀mù. Ọ̀rọ̀ náà dà bí orúkọ ẹlòmíràn lójú rẹ̀.

Ìlà tí ó tẹ̀ lé e ni ó wá di wàhálà. Iye owó tí ó wọlé fún ọ láti oṣù kìn-ín-ní títí dé oṣù kejìlá ọdún 1998.

Ẹni tí kò mọ ilé tí wọ́n ti tọ́ Bùsírátù dàgbà lè rò pé kò sí ohun tó le níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní agbo ilé tirẹ̀, ènìyàn kì í la ẹnu sọ pé òun kò ní nǹkan. Bí ọjà ìyá rẹ̀ kò bá tà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n bá sì béèrè, "Ó ń tà, a dúpẹ́" ni yóò wí. Bí ó jẹ́ omi ni wọ́n mu sùn, "A ti jẹun, alámùdùlíláì" ni wọn yóò fi dá aládùúgbò lóhùn. Bàbá rẹ̀ tí í ṣe àáfà máa ń sọ fún wọn pé aláìmoore ni ẹni tí ń ka ohun tí kò ní sí etígbọ̀ọ́ Ẹni tí ó fún un ní ẹ̀mí. Ẹ̀kọ́ yìí ti wọ Bùsírátù nínú egungun. Láti ìgbà tí ó ti dé ilẹ̀ mímọ́, ó tún ti wá le sí i: ta ni yóò wà ní ìtòsí Ilé Ọlọ́run tí yóò gbé bírò, tí yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òfo ni òun gbà?

Ohun mìíràn sì tún wà níbẹ̀ tí kò fẹ́ wò lójú. Sẹ̀kínátù, tí wọ́n jọ ṣe olùkọ́ ní kíláàsì tó kọjú síra, ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ó ti di akọ̀wé ní ọ́fíìsì owó orí. Gbogbo fọ́ọ̀mù ni ó ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe ìdágbére fún Bùsírátù ní ilé ẹ̀kọ́, òun ni ó fi ẹ̀rín yẹ̀yẹ́ sọ ọ́ níwájú gbogbo ènìyàn pé, "Bùsírá, o ti ń lọ máa nawọ́ gba owó ọbẹ̀ nìyẹn o!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bùsírátù náà rẹ́rìn-ín.

Bírò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí Abdussamad ti ibi iṣẹ́ dé. Ẹnjiníà ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń sọ omi òkun di omi mímu, ó sì ti ń lọ sí ọdún méje tí ó ti wà ní Jẹ́dà. Ó bọ́ bàtà, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Rumaysa, ìdánwò wo lo tún ń ṣe yìí?"

"Ìdánwò tí mi ò rí irú ẹ̀ rí ni, Bàbá Rumaysa. Wọ́n ní kí n kọ iye tó wọlé fún mi lọ́dún tó kọjá."

"Kọ ọ́ kíákíá, kí o gbé oúnjẹ wá."

"Síkírù ní kí n kọ òfo."

Ọkùnrin náà, tí ó ti fẹ́ jókòó, tún dìde dúró. "Òfo kẹ̀? Kí wọ́n lè máa sọ ní Ìbàdàn pé Abdussamad kó ìyàwó ẹ̀ lọ sílẹ̀ mímọ́, òfo ló fi ń bọ́ ọ? Ṣé òfo la fi ra ẹja tí mò ń gbóòórùn yìí? Ìyá Rumaysa, ilẹ̀ Ànábì la wà o. A kì í jókòó sí ìdí Káábà ká máa kọ òfo."

"Jẹ́dà la wà. Mẹ́kà ṣì jìn díẹ̀."

"Ọlọ́run tó wà ní Mẹ́kà, kò gbọ́ ti Jẹ́dà ni?" Ó fa àga, ó jókòó tì í. "Èló ni mò ń gbé lé ẹ lọ́wọ́ lóṣooṣù fún ìnáwó ilé?"

"Ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ ríyà. Nígbà tẹ́ ẹ bá rántí."

"Mò ń rántí! Ìgbà wo ni mi ò rántí?" Ó ti mú ẹ̀rọ ìṣírò láti inú àpò rẹ̀. "Lọ́nà méjìlá. Ká wá sọ ọ́ di náírà."

Nígbà tí ó ṣírò rẹ̀ tán, ó yí ojú ẹ̀rọ náà sí i. Ó lé ní ogún ọ̀kẹ́ náírà. Bùsírátù tẹjú mọ́ ọn. Bí a bá kó gbogbo owó oṣù tí ó gbà láti ìgbà tí ó ti mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ jọ, kò dá a lójú pé yóò tó bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé ohun kan kò tọ̀nà níbẹ̀, nítorí kí ríyà náà tó sùn lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ti í di ìrẹsì, tí í di owó ilé ẹ̀kọ́ Rumaysa, tí í di gáàsì. Ṣùgbọ́n ó wò ó bí ènìyàn ti í wo ara rẹ̀ nínú díńgí nígbà tí ó bá yá aṣọ wọ̀ tí aṣọ náà sì bá a mu. Ó tún rí Sẹ̀kínátù lójú ẹ̀mí, ó rí i tí ó fi ìka tọ ìlà náà títí, tí ó sì tún kà á láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó kọ iye náà. Nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé mo jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òtítọ́ ni gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí, ó fọwọ́ sí i.

"Ọkàn mi balẹ̀ báyìí," Abdussamad wí. "Gbé oúnjẹ wá."

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Àráfà bọ́ sí ní ọdún náà, nítorí náà èrò pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọjọ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹta, nígbà tí àwọn arìnrìn-àjò ti sọ òkò tán ní Mínà, tí wọ́n sì ti padà sí Mẹ́kà, ni tọkọtaya náà fi Rumaysa sọ́dọ̀ Fawziyya, tí wọ́n sì wọ mọ́tò lọ. Ìsinmi Iléyá kò tí ì tán níbi iṣẹ́ Abdussamad. Inú rẹ̀ dùn lójú ọ̀nà. Bùsírátù di àpò rẹ̀ mú sí àyà, fọ́ọ̀mù sì wà nínú rẹ̀.

Ka'kiyah ni wọ́n ń lọ, ní apá gúúsù Mẹ́kà, sí ilé Àlàájà Rabi'a. Ará ìlú ìyá Bùsírátù ni obìnrin yìí. Ó wá ṣe Hájì ní ọdún 1983, kò sì padà mọ́. Kò ní ìkáámà, kò ní ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tí ì kọjá. Yàrá kan àti ilé ìdáná kan ni ó ní, níbi tí ó ti ń se oúnjẹ fún àwọn arìnrìn-àjò ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ́dọọdún. Àlàájì Jùbrílù wà lára àwọn oníbàárà rẹ̀, òun ni ó sì ní kí wọ́n wá pàdé níbẹ̀.

"Tíṣà mi!" Rabi'a ké láti ìdí ìkòkò. "Ẹnjiníà, ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó, ẹ má wo ilé. Níbo lowó orí ọ̀hún wà, ẹ jẹ́ n fojú kàn án."

Bùsírátù fi hàn án. Obìnrin náà nu ọwọ́ lára aṣọ, ó sì wo bébà náà lókè àti nísàlẹ̀ bí ẹni tí ń wo àwòrán ọmọ tuntun.

"Ayé yìí mà ń rẹ́ni jẹ o," ni ó wí. "Ìwọ tí o ò gba kọ́bọ̀ lo ń kọ ìwé owó orí. Èmi tí mò ń ta ìrẹsì látìgbà Súbúhì títí ẹsẹ̀ mi fi ń wú, kò síjọba kan tó mọ̀ pé mo wà láyé."

"Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí Àlàájì gbọ́ yín o, Àlàájà," Abdussamad fi ṣe àwàdà.

"Kó gbọ́. Ibo ló fẹ́ kọ orúkọ mi sí?"

Lẹ́nu ọ̀nà ni Àlàájì Jùbrílù ti gbọ́ ọ. Ọkùnrin gíga ni, ó tó ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta, orí rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá sì ń dán. Ó kí wọn, wọ́n kí i kú oríire Hájì, ó jókòó, ó na ọwọ́. Ó yọ awò ojú rẹ̀ nínú àpò tí ó fi kọ́ ọrùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka fọ́ọ̀mù náà láti orí ìlà àkọ́kọ́, láìyára. Nígbà tí ó dé àárín, ó dúró. Ó bọ́ awò, ó nù ún, ó tún fi wò ó.

"Àlàájà," ni ó wí fún Bùsírátù, "iṣẹ́ wo lẹ ṣe lọ́dún tó kọjá?"

"Mo kọ ọ́ síbẹ̀, sà. Ìyàwó ilé ni mí."

"Ta ló wá san ogún ọ̀kẹ́ ó lé fún yín?"

"Èmi ni mo fún un," Abdussamad dáhùn, ó sì nà ró díẹ̀ lórí ẹní.

"Ẹ gbà á síṣẹ́ ni?"

Rabi'a bú sẹ́rìn-ín láti ilé ìdáná. "Ó gbà á síṣẹ́ o, Àlàájì! Iṣẹ́ ọbẹ̀, iṣẹ́ aṣọ fífọ̀, iṣẹ́ ọmọ títọ́, kò síjọ́ ìsinmi!"

Àlàájì kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé fọ́ọ̀mù náà lé orúnkún. "Bí ẹ bá pè é lówó tó wọlé, mo gbọ́dọ̀ bù lé e bí òfin ṣe ní kí n bù. Ohun tí ẹ máa san yóò ju iye tí ẹ ra ilẹ̀ yẹn lọ, mo mọ bí wọ́n ṣe ń ta ilẹ̀ ní Mọ́níyà. Ẹ ó sì san án kí n tó lè fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí kankan. Síkírù kò sọ fún mi pé ẹ ní owó tó tó bẹ́ẹ̀."

Lójú ẹ̀mí, Bùsírátù rí púlọ́ọ̀tì rẹ̀ àti àgbàdo tó wà lórí rẹ̀, ó rí ọkùnrin tí kò mọ̀ rí tí ń fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ náà láti igun kan dé èkejì.

"A ò ní in, sà," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó sọ gbólóhùn náà láyé rẹ̀, ó sì ṣàjèjì sí etí ara rẹ̀.

"Kí ló wá dé tí ẹ kọ ọ́?"

"Mi ò lè kọ òfo. Kí n sọ níbí yìí pé Ọlọ́run kò fún mi ní nǹkan kan? Nígbà tó fún mi?"

Ọkùnrin náà fi ìka tọ́ka sí ìlà náà. "Àlàájà, fọ́ọ̀mù yìí kò béèrè bóyá ẹ moore. Iye tí iṣẹ́ ọwọ́ yín mú wá ló ń béèrè. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ ṣe é. Láti ọdún mẹ́rìnlélógún tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, àwọn tó kọ́ ilé alájà mẹ́ta ló ń kọ òfo fún mi. Àwọn tí kò ní ló ń kọ iye." Ó tún mú bébà náà. "Ẹ sì wo ibi tí ẹ ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òótọ́ ni. Ìlú Mẹ́kà lẹ jókòó sí. Mi ò fẹ́ gba èyí lọ́wọ́ yín bẹ́ẹ̀. Ẹ fa igi pa á, kí ẹ kọ èyí tó jẹ́ òótọ́, kí ẹ fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òní loṣù parí. Ọ̀túnla ni mò ń lọ sí pápá ọkọ̀ òfurufú. Bí ẹ bá fẹ́ kó dúró báyìí náà, n ó gbà á, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀."

Bùsírátù wo ọkọ rẹ̀. Abdussamad ti sọ ojú sílẹ̀, ó ń fi ìka tẹ ìlà ẹní tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Ìtìjú rẹ̀ kò fara sin. Bùsírátù gba bírò lọ́wọ́ Àlàájì, kò sì kọ nǹkan kan. Kì í ṣe Ọlọ́run ni ó wà lójú rẹ̀ ní wákàtí náà mọ́. Sẹ̀kínátù ni.

Rabi'a ti jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú àwo ìrẹsì méjì, ó sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbé àwo kalẹ̀, ó jókòó sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Tíṣà," ni ó wí, kò sì sí àwàdà nínú ohùn rẹ̀ mọ́, "fọ́ọ̀mù ìkẹyìn tí wọ́n kọ orúkọ mi sí ni ti Hájì tí mo bá wá síbí. Ọdún kẹrìndínlógún rèé. Nígbà tí wọ́n ka orí èèyàn nílé, wọn ò kà mí. Nígbà tí wọ́n ka ti ibí, mo sá pamọ́. Bí mo bá kú lónìí, kò sí bébà kan tí wọ́n máa fi mọ̀ pé ẹnìkan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n kọ òfo síwájú orúkọ mi, mo fẹ́ ẹ. Kí wọ́n kọ òfo mẹ́wàá. Kí orúkọ ṣáà ti wà níbẹ̀."

Gáàsì ṣì ń jó lábẹ́ ìkòkò ní ilé ìdáná.

Bùsírátù tún wo fọ́ọ̀mù náà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè, níbi tí orúkọ rẹ̀ wà, gbogbo rẹ̀ pátá, orúkọ bàbá rẹ̀ nínú rẹ̀. Ó tẹ́ bébà náà sórí àpò rẹ̀, ó fa ìlà títọ́ kan kọjá lórí ogún ọ̀kẹ́ náírà, ó sì kọ òfo sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó fọwọ́ sí i.

"Ó ku ìlà kan," Àlàájì wí. "Ẹni tí kò ní owó tó wọlé gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó ń gbọ́ bùkátà rẹ̀."

Ó kọ ọ́: ọkọ mi. Kò pẹ́ rárá.

Àlàájì na ọwọ́ láti gbà á, ṣùgbọ́n Abdussamad di etí bébà náà mú. "Ẹ dákun, Àlàájì. Lọ́dún 1988, ilé iṣẹ́ tí mo wà ní Ìbàdàn kógbá wọlé. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi wà nílé, títí mo fi rí iṣẹ́ tó gbé mi wá síbí. Obìnrin yìí ló bọ́ mi. Owó tíṣà yẹn ló fi bọ́ mi. Kò sẹ́ni tó gbé fọ́ọ̀mù wá kí n kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀. Ibo ni wọ́n ń kọ ìyẹn sí?"

"Kò sí àyè fún un nínú fọ́ọ̀mù."

"Ẹ wá àyè fún un, sà."

Bùsírátù fọwọ́ tọ́ ọ. "Bàbá Rumaysa, ẹ fi sílẹ̀. Kò kan ti ilẹ̀."

"Ó kàn mí."

Àlàájì Jùbrílù yí bébà náà padà. Ìlà mẹ́rin wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, tí wọ́n kọ "àlàyé mìíràn" sí òkè wọn. "Mi ò rí ẹni tó lo ibí yìí rí," ni ó wí. "Kò ní yí ohunkóhun padà. Ṣùgbọ́n yóò wà nínú fáìlì níwọ̀n ìgbà tí fáìlì bá wà. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì lè kọ ọ́, ẹni tó ni fọ́ọ̀mù."

"Èmi ni n ó pè é," Abdussamad wí. "Kó máa kọ."

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di pé obìnrin tí ó fi ọdún mọ́kàndínlógún pe ọ̀rọ̀ fún àwọn ọmọ ẹlòmíràn kọ jókòó sórí ẹní ní Ka'kiyah, tí ọkọ rẹ̀ ń pe ọ̀rọ̀ fún un. Ọkùnrin náà ń yára jù. Bùsírátù ní kí ó rọra, kí ó parí gbólóhùn kan kí ó tó mú òmíràn. Nígbà tí Abdussamad dé ibi tí wọ́n ti gba ìyá tirẹ̀ sí ilé ìwòsàn, tí ó sì jẹ́ owó tíṣà náà ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀, ó yí ojú sí ògiri; Bùsírátù dúró dè é pẹ̀lú bírò lórí ìlà, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń dúró de ọmọ tí ó bá ta kókó, títí ó fi rí ọ̀rọ̀ sọ. Rabi'a ti gbàgbé ìkòkò rẹ̀. Ìlà mẹ́rin náà kò gbà á tán, nítorí náà Bùsírátù kọ èyí tó kù sí etí bébà, ní lẹ́tà wínníwínní.

Àlàájì kà á tán. Lẹ́yìn náà ni ó gbé bírò, tí ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé òun gbà á, ó kọ ọjọ́ náà, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹta, ó sì fọwọ́ sí i. Ó ká a sí méjì, ó fi í sínú àpò ọrùn rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìrìnnà.

"Ẹ sọ fún Síkírù kó wá bá mi lọ́jọ́ Ajé tí mo bá kọ́kọ́ wọ ibi iṣẹ́. Òfo ni owó orí yín, èmi fúnra mi ni n ó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí náà. Bó bá mú un lọ sí ọ́fíìsì ilẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ìwé yín ni yóò kọ́kọ́ pé." Ó fa àwo ìrẹsì súnmọ́ ara rẹ̀. "Àlàájà Rabi'a, nǹkan kan ń jóná lẹ́yìn yín o."

Obìnrin náà dìde pẹ̀lú igbe. Nínú rúkèrúdò náà, Abdussamad tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé o kọ ti ìyá mi sí i?"

"Mo kọ ọ́."

"Orúkọ wọn ńkọ́?"

"Mo kọ orúkọ wọn, Bàbá Rumaysa. Ẹ jẹun."

Abdussamad ṣe bíṣímílà, ó sì fi ọwọ́ kan oúnjẹ.